Ẹ Dáhùn Ìwé Wọn Kí Ẹ Tó Fi Káàdì Kí Wọn

Bí ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ òmìnira Côte d'Ivoire, bá ti ń sún mọ́lé, àsíá aláwọ̀ ọsàn, funfun àti ewé a gba àdúgbò Treichville ní Abidjan kan. Àwọn tó ń tẹ̀wé lẹ́bàá ọjà a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ káàdì, fóònù a sì kún fún àwòrán tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ sí lára tán: sọ́jà arúgbó kan tó gbọ́wọ́ síwájú orí, àsíá lẹ́yìn rẹ̀, gbólóhùn kan lábẹ́ pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin akọni wa. Tó bá di ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tí ìbọn dákẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1918, wọn a tún fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ gbà pé òun ti bọ̀wọ̀ fún àwọn tí gbogbo àdúgbò ń pè ní anciens combattants, àwọn tó ti jagun rí. Èrò tó sì gbilẹ̀ láàárín wa ni pé kò sóhun tó burú níbẹ̀. Inú rere ni, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Èmi kò gbà. Káàdì yìí ti di ọ̀nà tí à ń gbà yẹra fún gbèsè, ó sì ń pa àwọn tí à ń kí lára. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ti kọ̀wé sí wa tipẹ́tipẹ́. Wọ́n kọ̀wé béèrè owó tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún, wọ́n kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́, wọ́n ní kí a sọ ibi tí a sin àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sí. Ẹni tí kò tíì dáhùn ìwé tí wọ́n kọ sí i, kí ló ń wá nídìí káàdì ìkíni?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ràn káàdì kalẹ̀ bó ṣe yẹ, nítorí ọmọlúàbí pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ní àwọn àgbà ló sọ pé yinniyinni kí ẹni lè ṣe mìíràn. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọ́n ní àwa Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Abidjan, a ní ìkíni fún ẹni tó jókòó, ẹni tó dìde, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń sinmi. Kí ló wá dé tí a ó fi ẹni tó ti ojú ogun bọ̀ sílẹ̀ láìkí? Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ kò mọ ìtàn, káàdì náà ló ń rán wọn létí. Paríparí rẹ̀, wọ́n ní kékeré sàn ju kò sí rárá lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn tí à ń kí gan-an ló yẹ kí a fi wọ̀n ọ́n, kí a sì wo ibi tó máa tẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé kìíní. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1944, ọkọ̀ ojú omi kan kó àwọn ọmọ ogun Áfíríkà padà dé Dakar. Jámánì ló mú wọn ní Faransé ní 1940, wọ́n sì ti lo ọdún mẹ́rin ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Tirailleurs sénégalais ni orúkọ tí Faransé fún wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl nìkan: ọmọ Côte d'Ivoire wà níbẹ̀, ọmọ Dahomey (Benin òní) wà níbẹ̀, ọmọ Haute-Volta (Burkina Faso òní), Soudan Faransé (Mali òní) àti Guinée náà wà níbẹ̀. Owó oṣù wọn tó ti gbá jọ látìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́wọ̀n ni wọ́n béèrè. Ní èbúté Morlaix ní Faransé, kí ọkọ̀ tó gbéra, ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti kọ̀ láti wọkọ̀ títí tí wọ́n á fi san án. Àwọn tó wọkọ̀ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i ní àgọ́ Thiaroye lẹ́bàá Dakar. Ní kùtùkùtù ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, ìbọn ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Àwọn ọ̀gá ogun Faransé ní 35 ló kú. Lẹ́yìn náà a tún gbọ́ 70. Àwọn òpìtàn tó ti tú ìwé wò sì gbà pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Wọ́n tún rán 34 nínú àwọn tó yè lọ sẹ́wọ̀n.

Ní ọdún 2024, Faransé fún mẹ́fà nínú àwọn òkú Thiaroye ní oyè tí wọ́n ń fún ẹni tó kú nítorí Faransé. Mẹ́rin jẹ́ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Haute-Volta, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire. Lóṣù Kọkànlá ọdún náà, Ààrẹ Macron kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Faye ti Sẹ̀nẹ̀gàl, ó sì pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpakúpa nínú rẹ̀. Mi ò ní kí a da oyè náà nù, mi ò sì ní kí a ya lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ Côte d'Ivoire yẹn béèrè, kí ẹ wo ohun tí wọ́n fún un. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ló béèrè nígbà tó wà láàyè. Ìwé ọlá ni wọ́n fún un, lẹ́yìn 80 ọdún tó ti wà nínú ilẹ̀. Ohun tí káàdì ń ṣe nìyẹn: ó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn rọ́pò ohun tí a jẹ.

Ìwé kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ní Gold Coast, tó di Gánà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1948, àwọn sọ́jà tó ti bá Gẹ̀ẹ́sì ja ogun Bọ́mà kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí gómìnà, wọ́n sì tò lọ sí ilé rẹ̀ ní Christiansborg ní Accra láti fi lé e lọ́wọ́. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ wọn. Ìwé ni wọ́n mú dání. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan yìnbọn fún wọn lójú ọ̀nà, Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́pùrù Attipoe àti Odartey Lamptey sì kú síbẹ̀. Lọ́dọọdún ni Gánà ń gbé òdòdó lé ibojì ìrántí wọn. Ṣé òdòdó ni wọ́n ń gbé lọ sọ́dọ̀ gómìnà lọ́jọ́ náà?

Ìwé kẹta kò mú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun ló kan Treichville jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1959, nígbà tí òmìnira ti dé ẹnu ọ̀nà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé ṣòfin pé owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọmọ ogun tó wá láti ilẹ̀ tó ń gba òmìnira kò ní gòkè mọ́. Iye tó bá jẹ́ lọ́jọ́ náà ni yóò máa jẹ́. Àwọn ará Faransé tí wọ́n jọ wà nínú ihò ogun kan náà, owó tiwọn ń lọ sókè bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i. Ti àwọn baba tó wà ní Treichville, ní Bouaké àti ní Korhogo dúró sójú kan bí òkúta. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl kan, Amadou Diop, ló gbé ìwé lọ sílé ẹjọ́. Conseil d'État, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Faransé lórí ọ̀rọ̀ ìjọba, sì dájọ́ ní Paris ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2001 pé ìyàtọ̀ náà kò tọ́. Fíìmù Indigènes tí Rachid Bouchareb ṣe lórí àwọn ọmọ Àríwá Áfíríkà tó jà fún Faransé jáde ní 2006, ìjọba Faransé sì gbé apá kan nínú owó náà sókè ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó di 2011 kí ìdọ́gba tó pé. Ó lé ní 50 ọdún lẹ́yìn òfin náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó jà ní 1940 ti kú.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń sọ pé kékeré sàn ju kò sí tẹ́tí sí mi. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n ń kí àwọn baba yìí. Wọ́n ń fi mẹ́dà kọ́ wọn láyà, wọ́n ń gbé wọn jókòó lábẹ́ àtíbàbà níbi ìtolọ́wọ̀ọ́wọ́, àwọn aṣojú Faransé ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá. Ìkíni àti gbèsè jọ gbé pọ̀ fún àádọ́ta ọdún láìjà. Ìkíni ọdún kìíní kò san gbèsè ọdún kejì. Ilé ẹjọ́ ló ṣí ọ̀nà, ariwo àwọn tó kọ̀ láti dákẹ́ ló tì í lẹ́yìn. Nítorí náà kékeré kò sàn ju kò sí lọ nígbà tó bá jẹ́ pé kékeré náà ló ń jẹ́ kí ẹni tó jẹ gbèsè sùn dáadáa lóru.

Mo ti jókòó ti opó ọ̀kan nínú wọn nínú àgbàlá kan ní Treichville, ìyá arúgbó tí ọkọ rẹ̀ wá láti agbègbè Kétu ní Dahomey. Ó tú ìwé ọkọ rẹ̀ jáde láti inú ọ̀rá kan tó so ní ìlọ́po méjì. Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ológun wà níbẹ̀, eteetí rẹ̀ ti jẹ. Káàdì tí Faransé ń fún ẹni tó bá lo ó kéré tán 90 ọjọ́ lójú ogun wà níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ ti ṣá. Orúkọ bàbá náà jẹ́ ọ̀tọ̀ nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, nítorí akọ̀wé Faransé kọ̀ọ̀kan kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Níbi tó yẹ kí ọjọ́ ìbí wà, "né vers 1921" ni wọ́n kọ, àfojúbù. Nítorí orúkọ tí kò bára mu yìí, ọ́fíìsì kan dá ìwé rẹ̀ padà, wọ́n tún dá a padà, títí tí ẹsẹ̀ ìyá kò fi gbé e lọ síbẹ̀ mọ́. Láàárín àwọn ìwé náà ni káàdì tuntun kan wà, ó ń dán, àsíá wà lára rẹ̀, ẹgbẹ́ kan ló fún un lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ìyá kò mọ ìwé kà. Ó gbé e sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé èyí ni wọ́n fi ń gba owó ọkọ mi?" Mo ní, "Rárá, Ìyá, wọ́n fi kí yín ni." Ó ní, "Ó dáa, kí Ọlọ́run san án fún wọn," ó sì dá a padà sínú ọ̀rá.

Ẹgbẹ́ tó tẹ káàdì yẹn kò ṣe ibi. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi tẹ̀wé àti ọ̀sán kan tí wọ́n fi pín in ì bá ti tó láti rán ẹnìkan tó mọ Faransé kọ pẹ̀lú ìyá lọ sílé ẹjọ́ láti lọ tún orúkọ ṣe. Wọn kò ronú kàn án, nítorí pé káàdì ti jẹ́ kí wọ́n gbà pé wọ́n ti ṣe nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ tó wà nínú káàdì fúnra rẹ̀. Ó ní àwọn akọni yìí fi ara wọn jìn. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Láti ọdún 1912 ni Faransé ti ṣòfin tó fi lè fipá múni wọ iṣẹ́ ológun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iye ènìyàn ni wọ́n ń bù lé àgbègbè lórí, olórí abúlé ló sì ń wá wọn jáde. Àwọn Ọ̀họ̀rí, ọmọ Yorùbá tó wà ní Dahomey, dìde sí ìjọba Faransé láàárín 1914 sí 1916, kíkó tí wọ́n ń kó ọmọ wọn lọ sógun sì wà lára ohun tó bí wọn nínú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ̀wé ní 1976 lórí bí àwọn ará Côte d'Ivoire àti Haute-Volta ṣe ń sá kọjá ààlà lọ sí Gold Coast nítorí iṣẹ́ àfipáṣe àti ogun. Ó ní sísá yẹn gan-an jẹ́ ọ̀tẹ̀. Àwọn kan fi tinútinú wọṣẹ́, òótọ́ ni, wọ́n sì ń fi yangàn dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi okùn mú nínú oko, tí a wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fi ara rẹ̀ jìn, a ti jí ìtàn rẹ̀ gbé lójú rẹ̀. Irú ìtàn wo ni káàdì bẹ́ẹ̀ fẹ́ kọ́ ọmọdé?

Ẹ sì wo òwe yinniyinni yẹn dáadáa. Kí ẹni lè ṣe mìíràn, mìíràn wo? Ogun mìíràn? Bàbá ẹni 90 ọdún kò ní lọ sógun mọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò lọ. Àwọn ọmọ náà sì ń wò wá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, àwọn sọ́jà dìde ní Bouaké, wọ́n yìnbọn sókè, ìjọba Côte d'Ivoire sì ṣèlérí mílíọ̀nù 12 owó sẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan àwọn 8,400. Wọ́n san mílíọ̀nù 5. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún tí ìyókù kò wọlé, wọ́n tún gbé ìbọn, wọ́n sì gba mílíọ̀nù 7 tó kù. Mi ò yìn wọ́n. Ènìyàn kú nínú rúkèrúdò náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí orílẹ̀-èdè kọ́ ọ̀dọ́ lọ́dún yẹn ni pé ẹni tó fi ìbọn béèrè gba owó, ẹni tó fi ìwé béèrè gba káàdì. Ẹ̀kọ́ tó léwu jùyẹn wo ló tún kù?

Ọ̀rọ̀ ìkíni Yorùbá wá ńkọ́? Èmi náà ọmọ Yorùbá ni, mo sì mọ̀ pé ìkíni wa kì í lọ kó má bọ̀. Bí o bá kí àgbà, o ó dúró gbọ́ ìdáhùn. Yóò béèrè ilé, wàá béèrè ara rẹ̀. Bó bá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, o kò ní yẹ̀yìn lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Bó bá ní òun kò tíì jẹun, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìkíni. Káàdì kò dúró gbọ́ nǹkan kan. Ó sọ tirẹ̀, ó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi àṣà wa gbè é lẹ́yìn, kó kọ́kọ́ lọ jókòó lẹ́bàá bàbá náà. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni àwọn àgbà pe ọ̀rọ̀ tí kò ní iṣẹ́ nínú.

Ìwé ìdúpẹ́ gidi wà, n ó sì tọ́ka sí ọ̀kan. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùrẹ́-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, fara gbọgbẹ́ ní Bọ́mà ní 1944 nínú ẹgbẹ́ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìdílé Mùsùlùmí kan, ti ọkùnrin tó ń jẹ́ Shuyiman, ló fi í pa mọ́ fún àwọn ará Japan fún oṣù púpọ̀, òun àti David Kargbo ọmọ Sierra Leone. Nígbà tó di àgbàlagbà, ó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ìdílé náà ní Bọ́mà ní 2011. Lẹ́tà yẹn ní orúkọ ẹni tó ṣe oore, ó ní oore tó ṣe, ó sì wá ilé rẹ̀ kàn. Káàdì tí à ń tẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò ní orúkọ, kò ní ibi, kò ní ọdún. Gbogbo ènìyàn ló kí, kò sẹ́ni tó kí.

Àwọn kan á ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe é, àwọn ọmọ ilé ìwé wọn ló ń kọ káàdì sí àwọn ológun ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Veterans Day ní 1954. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ní 1944, Amẹ́ríkà ti ṣe òfin tó san owó ilé ìwé fún àwọn tó ti ogun bọ̀, tó sì fi ìjọba ṣe onídùúró fún owó tí wọ́n bá yá kọ́lé. Àwọn aláwọ̀ dúdú kò rí tiwọn gbà bó ṣe yẹ, àbùkù ńlá sì nìyẹn jẹ́ lára òfin náà títí dòní. Síbẹ̀ òfin ló ṣáájú, káàdì ló tẹ̀ lé e. Àwa gbé káàdì wálé, a fi òfin sílẹ̀ sọ́hùn-ún.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Treichville nìkan ni mo ń bá wí. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ni ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, ọjọ́ tí ogun Biafra parí ní 1970. Àwọn gómìnà a lẹ báàjì mọ́ àyà, wọn a gbé òdòdó kalẹ̀, wọn a tú ẹyẹlé sílẹ̀. Àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì sì ti dí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìṣúná ní Abuja kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Bó ti rí nílé ló rí lóko.

Ìgbà tí a bá dáhùn ìwé, a ń rí àyípadà lójú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tirailleurs àtijọ́ tó ń gbé Faransé gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán oṣù mẹ́fà lọ́dún níbẹ̀ kí wọ́n tó lè gba owó ìtọ́jú àgbàlagbà. Wọ́n ń darúgbó nínú yàrá kékeré, aya àti ọmọ wọn wà ní Áfíríkà. Wọ́n béèrè, wọ́n tún béèrè. Ní 2023 wọ́n mú òfin náà kúrò fún wọn, mẹ́sàn-án nínú wọn sì balẹ̀ sí Dakar ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún náà láti máa gbé nílé wọn. Kò sí káàdì tó lè ṣe ìyẹn fún wọn.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tó ń pàdé ní Treichville, ọmọ Èjìgbò, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Kétu, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ Baoulé, Sénoufo àti Dioula tí a jọ ń gbé: owó tí ẹ fẹ́ fi tẹ káàdì lọ́dún yìí, ẹ fi san owó ọkọ̀ àti owó ìwé fún opó mẹ́ta péré. Ẹ yan ọmọ kan tó kàwé ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn títí ìwé yóò fi jáde. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe ní kí àwọn ọmọ ya àsíá. Ẹ ní kí wọ́n lọ béèrè orúkọ baba ńlá tó lọ sógun, ọdún tó lọ, ibi tó jà, ohun tí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ti ìjọba wa, àwa ará ìlú ló yẹ kó máa bi í pé: ọmọ Côte d'Ivoire mélòó ló kú ní Thiaroye, níbo ni sàréè wọn wà, ta ló ń bá Faransé sọ ọ́ ní orúkọ wa? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ kọ káàdì lè kọ ọ́, kó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Ogun Algeria, tó gbẹ̀yìn nínú àwọn ogun ńlá tí àwọn baba yìí jà fún Faransé, parí ní 1962. Ẹni tó kéré jù nínú wọn ti kọjá 80 ọdún.